ÀṢÀRÒ ÀÁRỌ̀: MÁ RÁN ILÉ TUNTUN LỌ LỌ́WỌ́ ÒFO

Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 13:1-3



Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, oyin inú ìgò la mọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká lọ sóko lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ín. Tí kòkòrò oyin bá kún ilé wọn dẹ́nu, púpọ̀ nínú wọn lè gbéra lójijì kí wọ́n bá igbó lọ. Ọlọ́gbọ́n kì í dúró dìgbà yẹn. Á fín èéfín díẹ̀ sí wọn, á pín wọn sí ilé méjì.

Ìyá oyin kan ṣoṣo ló wà, ilé kan ló sì máa dúró sí. Ṣé ilé kejì á kú ni? Rárá o, tí wọ́n bá ti fún un ní afárá tó ní ẹyin tuntun, oyin tí wọ́n á jẹ, àti kòkòrò tó pọ̀ tó láti tọ́ ọmọ. Wọ́n á fi oúnjẹ àkànṣe bọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ní nǹkan bí ọjọ́ 16 sí ìgbà tí wọ́n yé ẹyin rẹ̀, ìyá tuntun á jáde. Àmọ́ tó bá jẹ́ afárá gbígbẹ ni wọ́n kó fún wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á tán.

Ìjọ Áńtíókù mọ èyí. Bánábà àti Sọ́ọ̀lù, olùkọ́ wọn gan-an, ni wọ́n yọ̀ǹda.

Ní Èkó wa níbí, lọ́dún 1888, ìjà ló pín ìjọ First Baptist ní Broad Street. Àwọn tó jáde dá Native Baptist Church sílẹ̀, tó di Ebenezer Baptist ní Campbell Street. D. B. Vincent, tó padà di Mojola Agbebi, wà lára aṣáájú wọn. Lọ́dún 1914, ìhà méjèèjì para pọ̀ nínú Yoruba Baptist Association. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ? Agbebi náà ni! Ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ lónìí, ẹ lè nílò rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin aṣáájú, tẹ́ ẹ bá ń dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Ajah, ẹ má kó dùrù tó ti bàjẹ́ àti àwọn oníwàhálà nìkan fún wọn. Ọ̀gá mi ní Balógun, ọmọ iṣẹ́ yín ti sìn yín tán. Ẹ má fi àdúrà nìkan tú u sílẹ̀. Ẹ fi ọjà díẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ fi oníbàárà kan hàn án.

Lóòótọ́, ó máa ń dunni. Oyin ilé àtijọ́ lè dín kù lẹ́yìn pínpín. Àmọ́ ààyè á gba ìyá láti tún máa yé.

Ta ló fẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí? Kí lẹ dì fún un?

ÀDÚRÀ: Olúwa, gba ahun kúrò lọ́kàn mi. Jẹ́ kí ẹni tó ń ti ọwọ́ mi jáde lọ ní ohun tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ilé tó lọ àti ilé tó kù parun. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ ó ríire lónìí o.