Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Ọjọ́ Olúwa



Ìbéèrè kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Wọ́n ní: bí ènìyàn bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde ní ọjọ́ Àìkú, tí ó wá ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà, tí kò lọ sí oko, tí kò lọ sí ọjà, tí kò ru ẹrù ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe pé ó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri nínú igbó àti ní ẹsẹ̀ òkè, ǹjẹ́ ohun rere ni ó ṣe, tàbí ó fi ọjọ́ Olúwa ṣòfò? Àwọn òbí kan ti dáhùn pé ìmẹ́lẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan, ní tiwọn, wí pé inú ìdákẹ́jẹ́ ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti ń rí Ọlọ́run, débi pé àwọn kò mọ ohun tí Mísà tún kù láti fún àwọn. Àṣìṣe wà nínú ìdáhùn méjèèjì; òtítọ́ díẹ̀ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí àwọn baba wa ń gùn ni. Ní ẹkùn Tuscany ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn ọ̀nà funfun olókùúta wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n gba inú àfonífojì àti ọgbà àjàrà kọjá lọ dé igbó ẹsẹ̀ òkè. Ní 1997, ní ìlú Gaiole in Chianti, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ìrìn ọdọọdún tí wọ́n pè ní L'Eroica, lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a da ọ̀dà bo gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kí wọ́n sì pa rẹ́. Lónìí, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀. A sì ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ fẹ̀ ju ti eré ìje lọ, tí a kì í fún ní afẹ́fẹ́ líle, kí ó lè gba orí òkúta kọjá láìyọ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ ọgbà àjàrà, ṣùgbọ́n ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó mọ ọ̀nà yangí pupa tí ó gba abẹ́ igi kòkó àti ọ̀pẹ lọ, tí òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè tàbí ti Ìdánrè sì dúró gbagidi lókè rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí owó kòkó dára, ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ nínú ilé. Àgbẹ̀ gùn ún lọ sóko. Katikísì gùn ún láti abúlé dé abúlé láti kọ́ àwọn ènìyàn ní àdúrà, níbi tí Fádà kò lè dé bí kò ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òógùn àwọn wọ̀nyí wà lára ohun tí a fi gbin ìgbàgbọ́ sí ilẹ̀ wa. Nítorí náà ni àgbàlagbà fi ń wí pé iṣẹ́ ni kẹ̀kẹ́ wà fún, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣe é tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ohun tí kò mú owó wá, tí kò sì kó irè wálé, ni ìmẹ́lẹ́? Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae. Ó kọ́ wa pé bí ó ti ń rẹ ara, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rẹ ọkàn, àti pé ìgbádùn tí ó tọ́ ni ìsinmi ọkàn. Ó mú ìtàn kan wá nípa Jòhánù Mímọ́ Oníhìnrere. Àwọn kan bá a níbi tí òun àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣeré, èyí kò sì dára lójú wọn. Jòhánù ní kí ọ̀kan nínú wọn tí ó mú ọrun lọ́wọ́ ta ọfà. Ó ta á, ó tún ta á. Jòhánù wá bi í bóyá ó lè máa ta á lọ láìdáwọ́ dúró. Ọkùnrin náà ní rárá, ọrun yóò dá. Jòhánù ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn ènìyàn, bí a kò bá dẹ̀ ẹ́ rí. Òfin Ìjọ Mímọ́ ti 1983 náà sọ ọ́ kedere ní ẹsẹ 1247: dandan ni kí a kópa nínú Mísà ní ọjọ́ Àìkú, kí a sì yẹra fún iṣẹ́ tí ó ń dí ìsìn Ọlọ́run, ayọ̀ ọjọ́ Olúwa, tàbí ìsinmi ara àti ọkàn lọ́wọ́. Èkó ti fa ọrun wa púpọ̀. Ẹni tí ó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé kí ó lè rí ọkọ̀ wọ̀ dé ibi iṣẹ́, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ tiyín náà. Òfin kan náà tí ó fún yín ní ìsinmi ni ó kọ́kọ́ pè yín sí Mísà. Ẹ kò lè mú ìdajì rẹ̀ kí ẹ sì fi ìdajì sílẹ̀. Igbó àti òkè lè sọ fún wa pé Ẹlẹ́dàá ń bẹ, pé ó tóbi, pé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wà. Ṣùgbọ́n òkè kò kú fún ẹnikẹ́ni, igi kò sì lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì. Ẹni tí ó gba inú ọgbà àjàrà kọjá, tí ó yin èso rẹ̀, tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ tí wáìnì ti ń di Ẹ̀jẹ̀ Olúwa, ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí, kò wọlé. Kò sì sí ohun tí ó ní kí ẹ yan ọ̀kan kí ẹ pàdánù èkejì. Ìjọ Mímọ́ gbà pé Mísà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú tó fún ojúṣe ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbéra ní kùtùkùtù lè wá jọ́sìn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Kí wá ni ire tí ó wà ní ọ̀nà tí ọkọ̀ kò gbà? Kì í ṣe atẹ́gùn tútù nìkan. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ń rin nǹkan bí kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ ń rin bí 15. Ọkọ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀ lè sá tó 100. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣì lè kí ènìyàn. Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára ẹni láìkí i: a ń kí arìnrìn-àjò pé ẹ kú ìrìn, a ń kí ẹni tí ń roko pé ẹ kú iṣẹ́. Ìkíni yìí kì í ṣe àṣà ẹnu lásán. Ó ń jẹ́rìí pé mo rí ọ, mo sì mọ̀ pé ènìyàn bíi tèmi ni ọ́. Ẹni tí eré bá wọ̀ lára kò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdíwọ́ ni gbogbo wa dà lójú rẹ̀. Ẹ rántí ọ̀nà Émáúsì nínú Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́. Nǹkan bí kìlómítà 11 ni láti Jerúsálẹ́mù, ìrìn wákàtí méjì àti díẹ̀. Àsìkò yìí ni Olúwa wa fi la Ìwé Mímọ́ yé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjì náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí Mósè àti gbogbo àwọn wòlíì. Ká ní ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọn ìbá fi dé, wọn kì bá sì ti rí Àlejò tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a ti rí òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ìsinmi wa: ṣé ó ń mú wa sún mọ́ ọmọnìkejì wa ni, tàbí ó ń mú wa sá fún un? Ẹ wo Gino Bartali, ọmọ Ìjọ Mímọ́ ní ilẹ̀ Ítálì, tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ tí a ń pè ní Tour de France ní 1938 àti ní 1948. Láàárín ìgbà méjèèjì ni ogun dé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú rẹ̀, tí wọ́n ń wá àwọn Júù láti pa, Bartali ń fi kẹ̀kẹ́ rìn láàárín Florence àti Assisi, ìwé ìdánimọ̀ tí yóò gba àwọn Júù là sì wà ní ìpamọ́ nínú irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ yóò rò pé eré ni ó ń ṣe. Ó kú ní 2000, kò sì fi iṣẹ́ náà ṣe fọ́ńté. Ní 2013 ni ilé ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olódodo tí ó gba àwọn Júù là. Abájọ tí Ìjọ Mímọ́ kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú kẹ̀kẹ́: ní 1949, Póòpù Pius Kejìlá fi Ìyá Wa ti Ghisallo, tí ilé àdúrà rẹ̀ wà lórí òkè kan ní àríwá Ítálì, ṣe alágbàwí gbogbo àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Èjìgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní owó ọkọ̀ dé Èkìtì lọ wá ìdákẹ́jẹ́. Lóòótọ́, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Oshodi-Isolo, tí àdúgbò wa wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, òfin nìkan kò lè fún wa ní sùúrù. Ní ọ̀nà Ìkọ̀tun àti ọ̀nà Ìsọlọ̀, ìyá arúgbó ṣì ń wá àyè ẹsẹ̀ láàárín gọ́tà àti dáńfó, ọmọdé kò sì rí ibi tí yóò ti kọ́ kẹ̀kẹ́ láìsí ìpayà. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní wákàtí díẹ̀ lórí ọ̀nà tí ó dákẹ́, gbèsè ni ó jẹ. Kí ó mú ìdákẹ́jẹ́ náà bọ̀ wálé. Bí ó bá ń wa ọkọ̀, kí ó dẹ eré, kí ó má ṣe gbé ọkọ̀ sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, kí ó má ṣe fi fèrè ọkọ̀ lé arúgbó kúrò lọ́nà. Ẹni tí ó lágbára ni ó yẹ kí ó yà fún aláìlágbára.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ ìsinmi ọmọ yín di ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ó dé akoto, pé bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mú, àti pé kò dá gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sí ojú títì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kẹ̀kẹ́, ẹ fi kọ́ àwọn tí kò ní. Ẹ kọ́kọ́ wá sí ibi pẹpẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Ẹ sì máa kí gbogbo ẹni tí ẹ bá bá lọ́nà, nítorí pé ẹ kò mọ ẹni tí ó lè jẹ́.

Kí Ìyá Wa ti Ghisallo máa bẹ Ọlọ́run fún wa, kí Olúwa tí ó bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rìn lọ sí Émáúsì sì máa bá gbogbo wa rìn. Àmín.