Ibùjókòó Aburú: Ẹ̀rí láti Inú Ìfun Aràn Kékeré Kan

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí ti ń jiyàn lórí ohun tí aburú fi ṣe ibùjókòó: yálà inú ohun tí ó ṣe aburú náà ni ó wà, tàbí ara ẹni tí aburú dé bá, tàbí pé kò sí níbì kankan títí àwọn méjèèjì yóò fi pàdé. Ìwà ìkà ọmọ ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí sì máa ń mú kí àríyànjiyàn náà lọ́jú pọ̀, nítorí pé ènìyàn ní èrò, ó ní ìfẹ́-inú, ó sì lè purọ́ nípa méjèèjì. Bakitéríà, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, kò ní èrò, kò sì ní ìfẹ́-inú, síbẹ̀ wọ́n ń pa ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìbéèrè náà wò láìsí pé ó ń gbèjà ẹnikẹ́ni tàbí kí ó máa dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ọ̀dọ̀ wọn ni ó dára kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àkóràn ilé-ìwòsàn ni àrùn tí kò sí lára aláìsàn nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n tí ó kó nígbà tí ó wà níbẹ̀ fún ìtọ́jú. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn bakitéríà tí ń fa irú rẹ̀ ni Pseudomonas aeruginosa, èyí tí ń gbé inú ilẹ̀, inú omi àti inú abọ́ ìfọwọ́, tí kì í sì í sábà ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ní nǹkan kan. Ẹni tí iná bó lára, ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, ẹni tí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ láti máa gba ìtọ̀ rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ó máa ń wọ̀ lára. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn irú rẹ̀ tí carbapenem, tí í ṣe ọ̀wọ́ oògùn apakòkòrò alágbára, kò ràn mọ́ kún àwọn tí wíwá oògùn tuntun fún wọn jẹ́ kánjúkánjú jù lọ.

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ fi ń wádìí agbára ìpalára bakitéríà yìí ni pé kí wọ́n fi bọ́ aràn kékeré kan, èyí tí kì í ṣe aràn tí ń gbé inú ikùn ọmọdé. Caenorhabditis elegans ni orúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ àti inú èso tí ó ń rà ni ó ń gbé, kò gùn ju ìwọ̀n mìlímítà kan lọ, ara rẹ̀ mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè rí ìfun rẹ̀ láìla á, bakitéríà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Sydney Brenner, ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ni ó yàn án fún ìwádìí ní àwọn ọdún 1960, láti ìgbà náà wá sì ni wọ́n ti ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí ara ohun ẹlẹ́mìí pín sí: irú rẹ̀ tí ó jẹ́ akọ tí ó tún jẹ́ abo ní 959 nígbà tí ó bá dàgbà, a kò ka àwọn tí yóò di ọmọ mọ́ ọn, 302 nínú wọn sì ni sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára. Ní 1999, Man-Wah Tan, Shalina Mahajan-Miklos, Frederick Ausubel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Massachusetts General Hospital ní Boston fi hàn pé bí a bá fi Pseudomonas tí a mú lára aláìsàn rọ́pò oúnjẹ aràn yìí, yóò kú. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa ka àwọn aràn tí ó wà láàyè àti àwọn tí ó ti kú lójoojúmọ́. Èyí tí a bá fi wáyà fọwọ́ kàn tí kò mira, òkú ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ba jíìnì bakitéríà náà jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, jíìnì sì ni àkọsílẹ̀ àbímọ́ni tí ń darí iṣẹ́ ara. Bí aràn bá pẹ́ láyé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a mọ̀ pé jíìnì tí ó bàjẹ́ náà lọ́wọ́ nínú ìpalára. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé lára àwọn jíìnì kan náà ni bakitéríà yìí ń lò láti ba ewé jẹ́ àti láti pa eku.

Lójú ẹni tí ó bá yára kà á, ẹ̀rí yìí dà bí ẹni pé ó ti parí ẹjọ́: inú bakitéríà ni aburú wà, jíìnì rẹ̀ ni a sì kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn àbájáde mìíràn kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà parí síbẹ̀. Pseudomonas kan náà, nígbà tí a gbìn ín sórí oúnjẹ tí ó lọ́ràá, pa aràn láàárín wákàtí díẹ̀ nípa oró tí ó tú jáde. Nígbà tí a gbìn ín sórí oúnjẹ tí kò tó nǹkan, ọjọ́ méjì mẹ́ta ni ó gbà á, kì í sì í ṣe oró náà ni ó fi pa á, bí kò ṣe pé ó ń pọ̀ sí i nínú ìfun rẹ̀. Bákan náà, ní 2002, wọ́n rí i pé aràn tí ọ̀nà ìdáàbòbò ara rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pe jíìnì rẹ̀ ní pmk-1, bá ti bàjẹ́ máa ń kú ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bakitéríà kan náà ni gbogbo wọn jẹ. Èyí tí ó wúwo jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Escherichia coli, tí í ṣe oúnjẹ òòjọ́ aràn yìí ní yàrá ìwádìí: nígbà èwe aràn, oúnjẹ rẹ̀ ni, nígbà tí ó bá darúgbó, bakitéríà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nínú ìfun rẹ̀, aràn tí a sì ti pa bakitéríà náà kí a tó gbé e fún un máa ń pẹ́ láyé ju èyí tí ó ń jẹ ẹ́ láàyè. Ohun tí ó bọ́ ọ ni ó wá ń pa á, láìjẹ́ pé ohun náà yí ìwà padà.

Àwọn olùwádìí méjì, Arturo Casadevall àti Liise-anne Pirofski, ti kọ ọ́ ní 1999 pé agbára ìpalára kì í ṣe ohun ìní bakitéríà nìkan, pé inú ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú ara tí ó gbà á ni ó ti ń hàn. Ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ti Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, tí ó kọ́ni pé aburú kì í ṣe ohun kan tí ó dá dúró, pé àìsí ire ni. Oró bakitéríà kì í ṣe àìsí nǹkan. Ohun gidi ni, ó sì wúlò fún bakitéríà náà nínú ilẹ̀ láti fi lé àwọn ẹ̀dá tí ń bá a du oúnjẹ. Èrò àwọn Yorùbá sún mọ́ ọ̀rọ̀ Casadevall àti Pirofski jù. Lóòótọ́, wọ́n ka Àrùn mọ́ àwọn ajogun, tí ń ti ìta wá bí ọ̀tá, ṣùgbọ́n babaláwo kì í béèrè orúkọ àrùn nìkan. Ó tún ń wádìí ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún un, ó sì ń wo orí ẹni tí ó dé bá. Bí a bá ní tibi-tire ni a dá ilé ayé, a kò sọ pé ẹ̀dá kan jẹ́ ibi látòkè délẹ̀ tí èkejì sì jẹ́ ire.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀rí aràn mọ. Ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìwádìí náà, nítorí pé aràn kò lè gbé nínú ooru 37 tí í ṣe ti ara ènìyàn. Kò ní ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní àwọn ọmọ-ogun ara tí ń rántí àrùn tí wọ́n ti bá jà rí. Ẹlẹ́rìí kan ni, kì í ṣe adájọ́.

Ìbéèrè kejì sì tún wà lábẹ́ àkọ́kọ́, òun ni ti ẹ̀tọ́ láti pa aràn nítorí ìmọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1986 lórí ìwádìí pẹ̀lú ẹranko kò dá aràn mọ̀. Àwọn ẹranko tí ó ní egungun ẹ̀yìn àti irú òkítópọ́ọ̀sì ni ó ń dáàbò bò. Ṣáájú èyí, ní 1959, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Burch, ti dá a lámọ̀ràn pé kí a máa fi ohun tí kò ní ìmọ̀lára rọ́pò ẹranko tí ó ní in níbikíbi tí ó bá ṣeé ṣe, orí irú èrò yìí ni ọ̀pọ̀ sì dúró lé tí wọ́n fi ń yin lílo aràn dípò eku. Òwe Yorùbá ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ìwádìí yìí yí òwe náà po, nítorí pé ara ẹ̀dá kékeré ni ó ti ń dán igi náà wò kí ó má baà gún ọmọ ènìyàn, kò sì lè ṣiṣẹ́ bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀dá kékeré náà jọ ènìyàn dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀rí aràn nítorí pé ó jọ ènìyàn kò lè yí padà kí ó ní kò jọ ọ́ rárá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ojúṣe. Ní 2005, Yun Zhang, Hang Lu àti Cornelia Bargmann fi hàn pé aràn tí ó ti jẹ Pseudomonas máa ń kọ́ láti sá fún òórùn rẹ̀. Èyí kò fi hàn pé ó ń jẹ ìrora, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun kan wà tí aràn kò fẹ́.

Nínú hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì Muhammad, kan tí àwọn olùkójọ rẹ̀, al-Bukhari àti Muslim, gbà wọlé, Ọlọ́run bá wòlíì kan wí nítorí pé èèrà kan ṣoṣo gé e jẹ, wòlíì náà sì torí rẹ̀ sun gbogbo ilé èèrà náà. Ìbáwí náà dá lórí ẹ̀mí tí a gbà láìnídìí, ìdí sì wà nínú iṣẹ́ yìí níwọ̀n ìgbà tí ìmọ̀ tí a ti ibẹ̀ rí bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Bí ìmọ̀ náà bá jókòó sínú ìwé, ìdí náà ti lọ.

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022 sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí hàn. Nínú 100 aláìsàn tí a dá dúró sí ilé-ìwòsàn fún àìsàn tó le, nǹkan bí 7 ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó àti 15 ní àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré tàbí mọ níwọ̀n, tí Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà lára wọn, ni yóò kó ó kéré tán àkóràn kan níbẹ̀. Nínú ẹni 10 tí ó bá kó o, ẹnì kan yóò kú. Pseudomonas kì í ṣe ẹ̀dá kan ní apá kìíní kí ó di ẹ̀dá mìíràn ní apá kejì, bí ó bá sì jẹ́ pé oògùn kò ràn án mọ́ ní ibì kan ju ibòmíràn lọ, àṣìlò oògùn láti ọwọ́ ènìyàn wà lára ohun tí ó fà á. Àwọn ohun tí ó tún ń fa ìyàtọ̀ náà ni omi ẹ̀rọ tí kò yọ ní wọ́ọ̀dù, ọṣẹ tí ó tán, bẹ́ẹ̀dì tí a tò mọ́ ara wọn, iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń tọ́jú lóru, àti rọ́bà ìtọ̀ tí kò sí ẹni tí ó rántí láti yọ nígbà tí aláìsàn kò nílò rẹ̀ mọ́. Ìkáwọ́ àwọn tí ń ṣe ìṣúná ilé-ìwòsàn àti àwọn tí ń darí rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí wà, kò sì sí ìwádìí tuntun kankan tí wọ́n ní láti dúró dè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.