Ta ni Ọ̀gá Adájọ́?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gómìnà tàbí ilé aṣòfin ló ń yan adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Mississippi ló kọ́kọ́ gbé yíyan gbogbo adájọ́ rẹ̀ lé àwọn olùdìbò lọ́wọ́, ní 1832. New York ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1846, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1861.

Gbèsè wà lára ohun tó fà á. Àwọn aṣòfin ti yáwó rẹpẹtẹ láti la ọ̀nà omi àti ojú irin. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1837, ìpínlẹ̀ mélòó kan kò rí gbèsè ọrùn wọn san. Àwọn tó jókòó tún ìwé òfin ìpínlẹ̀ kọ wá rò ó pé adájọ́ tí aṣòfin fi jẹ kò lè dá aṣòfin lẹ́kun; ẹni tí ará ìlú fi jẹ ló lè kò ó lójú. Èrò náà so èso: ní 1856, ilé-ẹjọ́ New York fagi lé òfin tó ka ọtí léèwọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń fa olùdíje kalẹ̀, òun náà ló ń tẹ ìwé ìbò tí olùdìbò ń jù sínú àpótí lójú gbogbo ayé. Adájọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ aṣòfin kó sọ́wọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́. “Ará ìlú” tó ń dìbò ọ̀hún náà, ọkùnrin funfun ni lọ́pọ̀ ibi. Àwọn ẹrú Mississippi kò sí lára wọn.

Wisconsin, níbi tí olùdìbò ti ń yan adájọ́, ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ní 1854, èrò fọ́ ẹ̀wọ̀n Milwaukee, wọ́n tú Joshua Glover sílẹ̀, ẹrú tó sá kúrò ní Missouri. Ìjọba àpapọ̀ mú Sherman Booth, oníwèé ìròyìn, sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Wisconsin dá a sílẹ̀, ó ní òfin tó ń dá ẹrú padà fún olówó rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú adájọ́ mẹ́ta, Samuel Crawford nìkan ló ní òfin náà dúró. Nítorí èyí, ní 1855, Orsamus Cole tó bá a díje fẹ̀yìn Crawford balẹ̀ nínú ìbò.

Ẹni tó kórìíra òwò ẹrú lè yọ̀. Síbẹ̀, bí Crawford ṣe rí òfin ló ṣe dá ẹjọ́, irú ìbò bẹ́ẹ̀ sì lè yọ adájọ́ tó bá ṣàánú ẹrú ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Alexander Hamilton, òṣèlú Amẹ́ríkà, ti sọ ní 1788 pé kí adájọ́ ìjọba àpapọ̀ wà nípò níwọ̀n ìgbà tí ìwà rẹ̀ bá dára, kó má baà bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ìjọba àpapọ̀ tí kò bẹ̀rù ìbò yìí gan-an, Roger Taney olórí wọn ṣáájú, ló fagi lé ìdájọ́ Wisconsin ní oṣù Kẹta 1859. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn olùdìbò Wisconsin yan Byron Paine, agbẹjọ́rò Booth, sípò adájọ́ nílé-ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ wọn.