Ta Ni Eérú Ń Tọ̀?

Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí, òwe náà sì tẹ́ wa lọ́rùn nítorí pé ó mú ìdájọ́ rọrùn: ẹni tí ó ṣe é ni yóò rí i. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi wò ó bóyá òwe yìí ṣì bá ọ̀rọ̀ iná mu láyé tí a wà yìí. Lójú tèmi, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń yá iná báyìí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí eérú rẹ̀ ń kó sí lójú. Ibi tí mo dúró sí nìyí tí mo fi fẹ́ yẹ ìbéèrè kan wò: ó ha tọ́ kí ìjọba fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti fi agbára átọ́míìkì dá iná mọ̀nàmọ́ná ní ilẹ̀ wa bí?

Kí a tó dé ìdí átọ́míìkì, ẹ jẹ́ kí a rìn díẹ̀ kúrò ní ẹnu ọ̀nà ọgbà wa. Ẹni tí ó bá ti Akọka bọ́ sí Bàrígà, tí ó sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò mọ sùúrù. Ìwé ìkésíni ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé kò ṣeé tẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Ariwo á ta, èéfín á rú, ìyá tí ó tẹ́ ọmọ sùn ní yàrá ẹ̀yìn, tí kò ní ìwé kankan tí ó ń tẹ̀, òun ni yóò sì fa èéfín náà símú. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, “I pass my neighbour” ni gbogbo Èkó ń pè é. Orúkọ sì ń ro ẹ̀rọ bí ó ti ń ro ọmọ. Èéfín burúkú kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó ti pa odidi ìdílé mọ́jú rí ní ilẹ̀ yìí. Ta ni ó fún jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé ní àṣẹ? Kò sí. Ta ni a ó bi léèrè bí ó bá pa ènìyàn? Kò sí. N kò bá àwọn òǹtẹ̀wé wí o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun ìdáná wà lára ìdí tí iná fi ń lọ. Láyé àtijọ́, èédú ilẹ̀ tí a wà ní Enugu ni a ń jó ní Ìjọra. Ogun abẹ́lé dé ní 1967, iṣẹ́ èédú sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni a kọ́ Egbin sí ẹ̀bá ọ̀sà níhà Ìkòròdú, ọ̀sà kan náà tí àwọn apẹja Bàrígà ń da àwọ̀n sí. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, tí ìkíní wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985. Mẹ́gáwáàtì 220 ni agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,320 sì ni àpapọ̀ wọn. Gáàsì tí ń gba inú ọ̀pá wá láti ìhà Escravos ni wọ́n ń jẹ. Gáàsì kò sì ṣeé tò sínú àká bí iṣu: èyí tí ó dé lónìí ni a ó jó lónìí. Ní oṣù kejì ọdún 2016, nígbà tí wọ́n fọ́ ọ̀pá epo Forcados, gáàsì wọ́n, iná ilẹ̀ yìí sì joro. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ọ̀pá tí ó bẹ́. Gbèsè ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó ni gáàsì ṣí ẹnu ọ̀pá rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí àwọn tí ń fẹ́ átọ́míìkì ń wí dùn létí. Yuréníọ̀mù tí a kó sínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè gbé e fún bí ọdún kan àbọ̀. Ìjọba wa pàápàá kò sùn: òfin ọdún 1976 ni ó dá ìgbìmọ̀ átọ́míìkì sílẹ̀; òfin 1995 dá àjọ tí yóò máa fún ni ní àṣẹ sílẹ̀, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001; a bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé ní 2009; a sì yan Geregu ní Kogí àti Itu ní Akwa Ibom. Títí di òní, a kò tíì kọ́ ọ̀kan.

Eérú ńkọ́? Èyí tí ó bá kù nínú yuréníọ̀mù lẹ́yìn tí ó bá jó tán yóò ṣì jẹ́ ewu fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bẹ́ẹ̀ ìwé àṣẹ tí a fi dá a kì í sábà ju ogójì ọdún lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Eérú yìí kì í tọ ẹni tí ó dà á. Ẹni náà yóò ti kú. Ọmọ ọmọ tí kò tíì sí ni ó ń tọ̀. A ò rí i pè sí ìpàdé, kò sì lè kọ̀ fún wa. Láti orí wíwà ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀: ní Arlit, ní ilẹ̀ Niger tí ó bá wa pààlà, wọ́n ti ọ̀kan nínú ibi ìwakùsà náà pa ní 2021, ṣùgbọ́n òkìtì ìdọ̀tí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀.

Olùkọ́ kan lè wí fún mi pé ìtara nípa ẹni tí a kò tíì bí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yó ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń pa lálẹ́ òní kò lè máa kẹ́dùn nítorí ẹni tí yóò wà ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó burú nínú jẹnẹrétọ̀ ni pé èéfín rẹ̀ ń wọlé ẹni tí kò pè é, àìdára kan náà ni a ó tún dá lórí ọmọ ọmọ wa bí a kò bá ṣọ́ra. Kìkì pé aládùúgbò tòní lè kan ilẹ̀kùn kí ó bínú.

Ìlú Sáríà kọ́ wa ní nǹkan kan. Láti 2004 ni ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ahmadu Bello, fún ìwádìí nìkan. Ṣáínà ni ẹ̀rọ náà àti yuréníọ̀mù rẹ̀ ti wá. Ní 2018, wọ́n fi irú mìíràn tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dá ti àkọ́kọ́, bíi kílógíráàmù kan, padà sí Ṣáínà. Níhìn-ín, eérú tọ ẹni tí ó ni ín lọ. Orúkọ wà nínú ìwé, a sì mọ ẹni tí a ó ké sí. Mo gbà pé iṣẹ́ ìwé àṣẹ gan-an nìyẹn. Bí ìwé kan bá sọ ẹni tí yóò dáná, tí ó dákẹ́ nípa ibi tí ohun ìdáná yóò ti máa wá àti ẹni tí yóò kó eérú, n kò rí ohun tí ó fi sàn ju jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé lọ.

Ní Koeberg, nítòsí Cape Town, níbi kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Áfíríkà, wọ́n pe ìpàdé gbogbogbòò kí wọ́n tó fi ogún ọdún kún àṣẹ ẹ̀rọ kìíní ní 2024. Bí ọjọ́ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá dé fún wa, ní Itu tàbí ní Geregu ni yóò jẹ́, nítorí níbẹ̀ ni eérú yóò wà, bí àwa tilẹ̀ ni a ó máa yá iná náà ní Èkó. Èmi ì bá fẹ́ kí àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú rán aṣojú lọ, kí ó dúró níwájú àwọn àgbà ibẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé: “Ẹ̀yin bàbá wa, iná yìí ni a fẹ́; ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọ́jú eérú rẹ̀.” Kí ó wá jókòó, kí ó gbọ́ èsì wọn.