Ìbọn Tó Bọ́ Lọ́wọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà ra ìbọn ìléwọ́ kan. Àlòkù ni. Ìbọn náà jẹ́ revolver, irú èyí tó ní àgbá kékeré tó ń yí láàárín, tí ihò ọta mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ruger ló ṣe é, ọta .41 magnum ló sì ń jẹ. Magnum ni wọ́n ń pe àwọn ọta tí agbára wọn ju ti ọta lásán lọ fíìfíì. Ní Alaska, níbi tí béárì ti ń rìn káàkiri, kò sẹ́ni tó ń yà lẹ́nu tí ó bá rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọkùnrin náà jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó fẹ́ yọ ọta kúrò nínú ìbọn. Ohun tí ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra gbọ́dọ̀ ṣe ló ń ṣe yẹn. Láti yọ ọta nínú irú ìbọn yìí, àtàńpàkò lèèyàn fi ń fa òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ títí yóò fi há síbì kan. Àgbá á wá máa yí fàlàlà, wàá sì máa ti ọta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tó ti ń ṣe é ni ìbọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nawọ́ kó gbá a mú. Ìbọn dún, ọta sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́ pé ìbọn tí gbogbo èèyàn gbà pé kò lè dún, òun gan-an ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù. Ẹjọ́ tí ọkùnrin náà pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn rẹ̀ fi ohun tó wà nínú ìbọn yìí han gbogbo ayé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú ìbọn náà wò. Tí òòlù ẹ̀yìn revolver bá bọ́ sílẹ̀, òun ló ń gbá abẹ́rẹ́ irin tó ń gún ìdí ọta, kí iná tó jáde. Nínú àwọn ìbọn tí wọ́n ṣe ní ìlànà àtijọ́, ìyẹn ìlànà tí Colt gbé jáde ní 1873, bí òòlù bá wà nílẹ̀ pátápátá, ìdí ọta gan-an ni agbára rẹ̀ jókòó lé. Kí ewu lè dín kù, wọ́n gé ojú kéékèèké sára òòlù, kí orí apátí lè máa há sínú wọn: ọ̀kan fún ààbò, ọ̀kan fún ìgbà tí wọ́n bá ń ki ọta tàbí tí wọ́n ń yọ ọ́, ọ̀kan fún ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yìn ín. Àwọn ojú wọ̀nyí kò nípọn ju etí èékánná lọ, orí apátí tó ń há sínú wọn náà sì tín-ín-rín. Ìbọn yìí wúwo tó kìlógíráàmù kan. Tó bá já bọ́ tó sì fi òòlù sọlẹ̀, orí irin tín-ín-rín yẹn ni gbogbo agbára ìkọlù náà ń bọ́ sí. Tí irin náà bá kán, ìbọn á dún láìjẹ́ pé ìka ẹnikẹ́ni kan apátí.

Owó ló sì sọ ìbọn yìí di ohun tí gbogbo ayé ń rà. William Ruger àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alexander Sturm dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1949, ní Southport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Nígbà tí sinimá àti tẹlifíṣọ̀n wá kún fún àwọn ọlọ́ṣà àti darandaran tó ń fi revolver jà, gbogbo ènìyàn ló ń wá irú ìbọn náà. Ní 1955, Ruger gbé Blackhawk jáde, tó ń jẹ ọta .357 magnum, ní dọ́là 87.50. Ní 1956, Colt dá ìbọn tirẹ̀ padà sọ́jà ní dọ́là 125. Lọ́dún kan náà, ẹni tó bá fẹ́ revolver .44 magnum ti Smith & Wesson máa san dọ́là 140. Dọ́là 96 ni ti Ruger.

Ayédèrú irin kọ́ ni Ruger fi dín owó kù, ó yẹ kí n sọ òtítọ́ yìí. Ó fi sípíríǹgì wíwé rọ́pò èyí pẹlẹbẹ tó máa ń kán nínú àwọn ìbọn àtijọ́. Ara ìbọn náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda mọ ọ́n, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà dànù, wọ́n á sì da irin yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ìlànà tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ilé-Ifẹ̀ fi dá àwọn orí idẹ tó wà ní mùsíọ́mù lónìí nìyẹn. Ìbọn tó jáde látinú iṣẹ́ yìí lágbára. Ọta tó le gan-an ni àwọn olówó ìbọn náà ń yìn nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ya, kò sì dákú.

Níbẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àwọn èèyàn wà. Tí a bá ní ká dán ìbọn wò, ohun tí a máa ń wò ni bóyá ó ń dún nígbà tí a bá ní kó dún. A kì í sábà bèèrè bóyá ó lè dákẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ìbọn lè yege nínú ti àkọ́kọ́ fún ogún ọdún kó má sì yege nínú ìkejì. Olówó rẹ̀ kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí bó ṣe lè dán ìyẹn wò nílé.

Ewu náà kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kìíní ọdún 1876, Wyatt Earp, ọlọ́pàá tí sinimá wá sọ di akọni lẹ́yìn ikú rẹ̀, jókòó sínú ilé ọtí kan ní Wichita, ní Kansas. Ìbọn rẹ̀ yọ́ kúrò nínú àpò, ó já bọ́, ó sì dún. Ọta la ẹ̀wù rẹ̀ kọjá, ó sì gba òrùlé jáde. Ìwé ìròyìn ìlú náà gbé e. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ àwọn àgbà tó ń lo ìbọn yìí lọ́gbọ́n: ọta márùn-ún péré ni wọ́n ń ki sínú ihò mẹ́fà, wọ́n á sì jẹ́ kí òòlù jókòó lórí ihò tó ṣófo. Ọgbọ́n tó dára ni. Àmọ́ ẹnu àgbà ló wà, kò sí lára ìbọn. Ẹni tó ra àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, ta ni yóò sọ fún un?

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé oògùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1890, ilé iṣẹ́ Iver Johnson ní Massachusetts ti ń fi pẹlẹbẹ irin kékeré kan sáàárín òòlù àti abẹ́rẹ́. Tí ìka kò bá fa apátí dé òpin, pẹlẹbẹ náà kò ní gòkè, òòlù kò sì ní lè kan abẹ́rẹ́ rárá. Ìpolówó ọjà wọn ní kí èèyàn mú òòlù alágbẹ̀dẹ kó fi lu òòlù ìbọn náà bó bá ṣe wù ú, kò ní dún. Ìbọn tálákà ni ìbọn Iver Johnson. Ní 1901, èèyàn lè fi dọ́là 4.50 rà á. Àwọn tó ń ra ìbọn olówó pọ́ọ́kú yìí ní ààbò tí ẹni tó ra Blackhawk ní 1955 kò ní.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́ ọkùnrin wa. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn sí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ní Alaska gbọ́ ẹ̀rí pé àwọn ọ̀gá Ruger mọ̀ nípa ewu náà, pé àwọn èèyàn ti ń fara pa, àti pé àtúnṣe tó máa mú un kúrò kò ní ju dọ́là 1.93 lọ lórí ìbọn kan. Yàtọ̀ sí owó ìtọ́jú àti owó ìyà tó jẹ ọkùnrin náà, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ san dọ́là 2,895,000 gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Ẹ fi 1.93 sọ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ìbọn di púpọ̀, iye yẹn gan-an ló máa jáde. Ní 1979, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Alaska ní owó ìjìyà náà ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ẹ̀rí wà tó tó láti fi ìyà jẹ ilé iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ti dọ́là 1.93 yẹn burú ju ti mílíọ̀nù lọ. Owó tí kò tó nǹkan ni.

Kí ẹjọ́ náà tó parí, Ruger ti yí ọwọ́ padà. Ní 1973, wọ́n gbé New Model jáde, pẹlẹbẹ irin sì wà nínú rẹ̀. Ní 1982, wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni tó ní ti àtijọ́ fi ránṣẹ́, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á sì dá àwọn ẹ̀yà irin àtijọ́ rẹ̀ padà fún un. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olówó ìbọn ló kọ̀? Àwọn kan ní fífà apátí rẹ̀ kò ní dùn mọ́ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní iye rẹ̀ á wálẹ̀ lójú àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ. Mo lóye ẹni tó fi tirẹ̀ sínú àpótí gíláàsì tí kò ní yìn ín láéláé. Ẹni tó ń gbé e dè mọ́ ìbàdí wọ igbó, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò yé mi.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn. Ní gúúsù Brazil, ilé iṣẹ́ Taurus ló ń ṣe revolver tó ń jẹ́ Rossi, ìbọn olówó pọ́ọ́kú tó tà púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìkìlọ̀ jáde pé àwọn Rossi kan tó ń jẹ ọta .38 àti .357 magnum, tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2017, lè dún tí wọ́n bá já bọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó ní in dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Àwọn oníbàárà pe ẹjọ́ ní Florida, ìpẹ̀tù ni ẹjọ́ náà sì já sí.

Ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ ló ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì lágbára láti ṣe é. Òfin ààbò ọjà tí wọ́n ṣe ní 1972 yọ ìbọn sílẹ̀. Àjọ tó lè pàṣẹ pé kí wọ́n kó ìbọn ìṣeré ọmọdé kúrò lọ́jà kò lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ìbọn gidi. Tí ilé iṣẹ́ kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó di dandan kí ẹnì kan pe ẹjọ́ kí òtítọ́ tó jáde. Tí ilé iṣẹ́ bá sì sọ̀rọ̀, ẹni tó ra ìbọn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn.

Àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ni mo ń rò. Nílé níbí, ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ohun tí ará ìlú kan ń lọ rà lọ́jà. Ní Houston ńkọ́, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí? Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, òfin Texas gba ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láyè láti gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ọmọ wa tó ń ti iṣẹ́ òru dé, tí ẹnì kan fi revolver àlòkù lọ̀ ní owó tí kò wọ́n, lè má mọ ohunkóhun nínú gbogbo ohun tí a ti sọ yìí.

Kí ó tó sanwó, kó kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta kankan nínú gbogbo ihò rẹ̀. Tó bá jẹ́ Rossi, kó fi nọ́ńbà ara ìbọn náà bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Tó bá jẹ́ Ruger àtijọ́, skúrù mẹ́ta ló máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti tún ṣe náà lè ní skúrù mẹ́ta. Kó kọ ìbọn sí ibi tí kò séèyàn, kó fa òòlù sẹ́yìn pátápátá, kó wo iwájú rẹ̀ bóyá pẹlẹbẹ irin kan gòkè bo abẹ́rẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọta márùn-ún ni kó máa ki, títí yóò fi fi ìbọn náà ránṣẹ́ sí Ruger. Wọ́n ṣì ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ òun ni ẹni kẹwàá tó rà á.