Ta Ló Sanwó Eré?

Tí dírẹ́bà bá já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè bí ìjì, tó sì tètè gbé wa dé Arámọkọ, a máa ń yìn ín pé ó mọ ọkọ̀ wà. Ṣé ìyìn ló tọ́ sí i?

Irú dírẹ́bà bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ NASCAR, eré ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọtí abẹ́lé ni wọ́n ń kó lóru láàárín òkè North Carolina, tí agbófinró ń lé wọn. (Ògógóró tiwa náà, òyìnbó fòfin dè é rí.) Junior Johnson tiẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ ọtí yìí. Bill France kó eré náà jọ sábẹ́ òfin kan ní 1948. Daytona 500 bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Nígbà tó di 1979, tẹlifíṣàn gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Owó wọlé gan-an.

Àmọ́ ọgbà tí wọ́n sọ yí eré náà ká ló jọ wá lójú ju owó lọ. Ẹni tó wọ inú rẹ̀ mọ ohun tó ń bá wọlé. Nígbà tí Dale Earnhardt kú sí Daytona ní 2001, kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti sọ ìdè tó ń di orí àti ọrùn mú di dandan.

Èrò Ìjerò, ìrìn àjò ló sanwó fún, kò sanwó eré. Nídìí kọ̀ǹpútà tí àwa ti ń jẹun, a kì í fi owó oníbàárà dán kóòdù tuntun wò.

Ẹ lè ní èrò gan-an ló ń pariwo, "Dírẹ́bà, tẹ̀ ẹ́!" Òótọ́ ni. Ẹni méjì ló pariwo. Àwọn yòókù dákẹ́, ìyá tó wà lẹ́yìn sì ti di irin ìjókòó mú gírígírí.