Ìdin Kì í Yan Oúnjẹ

Nígbà tí máńgòrò bá pọ̀ ní ọjà èso Zuba, ní ẹnu bodè Àbújá, oníbàárà tó mọ ọjà rà kì í wo àwọ̀ nìkan. Á yí èso náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, á máa wá ojú kékeré kan tó ti dúdú, tó sì rọ̀ ju èèpo tó kù lọ. Ibẹ̀ ni eṣinṣin èso ti gún un, tó yé ẹyin sí abẹ́ èèpo. Ẹni tí kò bá fura, ìdin funfun ni yóò bá pàdé nígbà tó bá là á nílé.

Èyí tó ń ba máńgòrò jẹ́ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà báyìí, Bactrocera dorsalis, àlejò láti Éṣíà ni. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Àjọ ECOWAS, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, ti gbé ètò kalẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè ẹkùn yìí lè jọ gbógun tì í. Láàárín àwọn ohun ìjà tí àwọn onímọ̀ mọ̀ fún irú ogun bẹ́ẹ̀, ọ̀kan wà tó yani lẹ́nu: kí ènìyàn máa sin eṣinṣin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á sin ín lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n á fi ìtànṣán gámà sọ àwọn akọ di aláìlèbímọ, wọ́n á sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ máa gun àwọn abo inú oko, kí ẹyin tí wọ́n bá yé má lè pa. Ní El Pino, ní Guatemala, irú akọ bẹ́ẹ̀ láti ara ẹ̀yà eṣinṣin èso mìíràn ń jáde tó bílíọ̀nù 1 lọ́sẹ̀ kan. Ìtànṣán gámà kò ṣàjèjì sí Àbújá náà: ní Sheda, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kwali, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń lo kóbáltì 60.

Ìtànṣán kọ́ ni ìṣòro. Oúnjẹ ìdin ni.

Nínú oko, èso ni ìdin ń jẹ. Nínú ilé ìwádìí, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò rọ́pò èso. Ní icipe, ibùdó ìwádìí kòkòrò tó wà ní Nairobi, wọ́n ti fi káróòtì àti ìwúkàrà ro ó. Níbòmíràn, èèrí àlìkámà ni, tàbí ṣúkù àgbàdo lílọ̀, tàbí pàǹtí ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán. Bí ìwúkàrà bá dín jù, tàbí tí ìdin bá pọ̀ jù nínú abọ́ kan, àwọn tó bá yè á fúyẹ́, ìyẹ́ wọn kò ní lágbára, akọ inú wọn kò sì ní lè bá akọ inú oko du abo. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin ín fi máa ń wọ̀n ọ́n kó tó di eṣinṣin, tí wọ́n sì ń ka iye tó lè fò. Akọ tí ebi pa nígbà ìdin kò wúlò fún ogun náà rárá.

Kòkòrò mìíràn tó kéré ju èyí lọ ló la ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìdin yé aráyé jù: kantíkantí tó máa ń yí akèrègbè ẹmu ká, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Drosophila melanogaster. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń sin ín nínú ìgò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n ni Thomas Hunt Morgan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ń bọ́ ọ ní Yunifásítì Columbia ní New York. Lónìí, ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUTA ní Àkúrẹ́, wọ́n ń sin ín láti fi ṣèwádìí lórí àìsàn àti oúnjẹ ènìyàn. Ìyẹ̀fun àgbàdo, ìwúkàrà àti agar ni wọ́n sábà máa ń sè fún un. Bí yàrá bá móoru ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ọjọ́ 10 ni ẹyin fi ń di eṣinṣin, ìgbà tó wà ní ìdin nìkan ló sì ń dàgbà. Tó bá ti yọ ìyẹ́, ara rẹ̀ ti le. Bó ti wù kó jẹun tó lẹ́yìn náà, kò tún ní ga, kò tún ní fẹ̀.

Ká mú ẹyin láti ara ìyá kan náà, ká pín in sí ìgò méjì, ká fi ìwúkàrà tó pọ̀ tó sí ọ̀kan, ká sì dín ti èkejì kù gidigidi. Àwọn ti ìgò àkọ́kọ́ á yára jáde, wọ́n á sì tóbi. Àwọn ti èkejì á pẹ́, wọ́n á kéré, ẹyin tí abo inú wọn lè yé kò sì ní tó nǹkan. Ìyá kan náà ló bí wọn, wọ́n sì bá ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé. Kò sí èyí tó yan ìgò tó bọ́ sí.

Ìbéèrè tó jáde láti ibí kì í ṣe ti kòkòrò mọ́. Nígbà tí ọmọ kan bá rù, tí kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìwé kò sì wọ orí rẹ̀, ẹnìkan kò ní ṣàìsọ pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, pé ohun tó yàn níwájú Olódùmarè ló ń bá a rìn. Ǹjẹ́ ẹ̀dá lè yan ebi fún ara rẹ̀ kó tó ní ẹnu? Bí àyànmọ́ bá sì jẹ́ òótọ́, níbo ni ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ wà nínú rẹ̀?

Ifá kò fọwọ́ kékeré mú ìbéèrè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, kọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń lọ yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò. Ọmọ Ògún àti ọmọ Ìja kánjú, wọ́n gbé orí tó wù wọ́n lójú láìmọ̀ pé kò pé. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ń ṣí wẹ́wẹ́. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ti kọ́kọ́ lọ bá bàbá rẹ̀. Ó rúbọ, ó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀, oníbodè náà sì fọ̀nà hàn án. Ó fi owó san gbèsè tó wà lọ́rùn Àjàlá, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì bá a ṣa orí tó dára.

Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, ti béèrè nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991 bóyá a lè pe irú nǹkan báyìí ní yíyàn, nígbà tí ẹni tó ń yàn kò mọ ohun tó wà nínú ohun tó mú. Ìbéèrè náà tọ́, ìtàn Afùwàpẹ́ sì ní ìdáhùn kan fún un. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè fojú ara rẹ̀ mọ orí rere yàtọ̀ sí búburú. Ohun tó ya Afùwàpẹ́ sọ́tọ̀ ni ìmọ̀ràn bàbá rẹ̀, ìtọ́sọ́nà oníbodè tó fún níyọ̀, àti ìrànlọ́wọ́ àgbà tó mọ iṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń yan àyànmọ́ gan-an, ọwọ́ ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tí ilé ìjọsìn wọn gbajúmọ̀ jù ní àárín gbùngbùn Àbújá kò sọ ohun tó ta ko èyí. Wọ́n ń wàásù kádàrá àti ìfẹ́ Ọlọ́run ní Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ àti ní ilé ìjọsìn àpapọ̀ ti àwọn Krìstẹ́nì. Síbẹ̀, ẹsẹ 233 nínú Sura Al-Baqarah sọ̀rọ̀ nípa ọdún 2 tí ìyá fi ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá náà lé bàbá ọmọ lọ́rùn. Orí kìíní ìwé Dáníẹ́lì ròyìn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tó ní kí wọ́n fi ẹ̀wà àti omi dán àwọn wò fún ọjọ́ 10, kí wọ́n sì fi ojú wọn wé ojú àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọba. Ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run tó mọ òpin láti ìbẹ̀rẹ̀ kò mú kí ìwé méjèèjì fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ fún kádàrá.

Ebi tún lè kọjá ara ẹnìkan. Ní Yunifásítì Lausanne, ní Switzerland, Tadeusz Kawecki àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sin kantíkantí lórí oúnjẹ ìdin tí kò dára fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran. Èyí tí kò lè fara dà á kú, èyí tó lè fara dà á bímọ, títí tí ìran tó mọ ebi í gbé fi jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán ọpọlọ wọn wò, bí àbájáde tó jáde ní 2008 ti fi hàn, wọn kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ tó àwọn tí ìran wọn kò mọ ebi. Ní 2013, ẹgbẹ́ kan náà ròyìn pé ìdin àwọn ìran yìí máa ń jẹ ara wọn ju ti ìyókù lọ. Ẹni tó bá ń yin tálákà pé ara rẹ̀ ti gba ìyà yẹ kó ro ti àwọn ìgò wọ̀nyí: ara lè gba ìyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló fi ń san owó rẹ̀.

Nàìjíríà ní ẹ̀rí tirẹ̀, ara ènìyàn ni wọ́n sì ti rí i. Ní 2009, àwọn olùwádìí yẹ àgbàlagbà 1,339 wò ní Ẹnúgu: àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìyàn Biafra, àwọn tí wọ́n bí nígbà tó mú gan-an láàárín 1968 sí oṣù kìíní 1970, àti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ìyàn bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn náà lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga jù. Ogun tó fa ìyàn náà ti parí fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ara wọn kò tíì gbàgbé.

Àtakò kan tọ́ sí ìdáhùn níbí. Bí oúnjẹ ìgbà èwe bá ń pàṣẹ báyìí, ṣé a kò ti kọ àyànmọ́ kan sílẹ̀ láti gba òmíràn, tí ọmọ tí ebi ti pa yóò fi máa rò pé òun ti tán? Ìdin fúnra rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwọ̀n kan wà tó gbọ́dọ̀ dé kó tó lè yí padà. Bí ebi bá mú un ṣáájú ìwọ̀n yẹn, ó ń dúró. Bí oúnjẹ bá dé, ó ń tẹ̀síwájú. Ẹ̀yìn tó bá ti kọjá rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó ń tì. Ènìyàn sì ju ìdin lọ, ó ní ìwé, oògùn àti ará. Ẹni tí wọ́n bí nígbà ìyàn lè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé, kó sì gba ìtọ́jú kó tó pẹ́ jù. Ohun tí ẹ̀rí wọ̀nyí gbà kúrò ni àwáwí àwọn tí àwo wà lọ́wọ́ wọn.

Ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn ti ọdún 2018 rí i pé nínú ọmọ Nàìjíríà 100 tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ ní ọjọ́ orí wọn. Ọdún 15 ṣáájú ìgbà náà, ní 2003, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ti ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní Àbújá, ìpín 13 rẹ̀ sì ní kí ìjọba rí i dájú pé ọmọ ń rí oúnjẹ tó ń ṣara lóore àti omi tó mọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ ní láti gba òfin náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbújá kò nílò bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ ìlera ń ka ọjọ́ 1,000, láti ìgbà oyún títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2, gẹ́gẹ́ bí àkókò tí oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ jù lára ènìyàn. Fún oyún tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ní Abaji, ní ilẹ̀ Àbújá, kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ ń jẹ lónìí sì wà lára ohun tí ìpín 13 ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba.